Ọwọ́ Tó Ń Fọ Mọ́tò Ló Ń Kọ Ọ́ Nílà

Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Àkúrẹ́ ti mọ̀ pé eruku pupa ò lópin. Ojú títì Ọba Adésidà mọ́ o, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá yà wọ àdúgbò rẹ̀ níbi tí katakata ti kọjá tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, mọ́tò funfun á ti pọ́n rúsúrúsú kó tó dé ẹnu géètì. Bójò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Bójò bá dá, eruku ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ mọ́tò lemọ́lemọ́ níbí, tí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò létí títì sì ń rí nǹkan jẹ.

Corolla aláwọ̀ fàdákà ni mò ń wà. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ipò kékeré lẹ́nu iṣẹ́ ọba ní Alágbàká, a sì ti jọ pẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀, àti lára mọ́tò àwọn tí a jọ ń páàkì síbì kan náà lẹ́nu iṣẹ́, pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló jẹ́ bàbá gbogbo wọn: ọ̀pọ̀ ilà tó wà lára mọ́tò wa, kì í ṣe ọ̀nà ló fi í síbẹ̀, kì í sì í ṣe ọlọ́kadà. Ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ ló kọ ọ́ nílà.

Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ gbé mọ́tò dúdú sínú oòrùn aago mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ wo bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ó rí ilà tín-ín-tìn-ìn-tín tó pọ̀ lọ súà, tó yí ibi tí oòrùn ń tàn sí po. Kò sí ẹ̀ka igi tó lè yà á bẹ́ẹ̀. Fóòmù ló ṣe é, tàbí àkísà, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí bọ́tìnnì ṣì wà lára rẹ̀.

Ọ̀dà mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ ìpele kan. Práímà ló kọ́kọ́ wà lórí irin, òun ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà ráàyè. Àwọ̀ tí a ń rí wà lórí práímà. Lórí àwọ̀ náà ni wọ́n wá fín kílíà sí, èyí tí kò ní àwọ̀ kankan, tó ń dán, tó sì ń jẹ ìyà oòrùn àti òjò nítorí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá, bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, kì í sábà ju 0.1 sí 0.15 mìlímítà lọ. Kílíà nìkan jẹ́ bíi 0.04 sí 0.05. Bébà tí a fi ń tẹ lẹ́tà lọ́fíìsì nípọn tó kílíà lọ́nà méjì. Inú ìwọ̀nba yìí ni gbogbo dídán mọ́tò wà, inú rẹ̀ náà ni ilà wẹ́wẹ́ yẹn sì wà. Tí ẹnì kan bá fi pọ́líìṣì pa ilà náà rẹ́ fún yín, kò dí i o. Ńṣe ló ha kílíà tó yí i ká títí tí ojú rẹ̀ fi bá ìsàlẹ̀ ilà náà dọ́gba. Ohun tó bá sì ti bá pọ́líìṣì lọ kì í hù padà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé lóṣooṣù lòun ń gbé mọ́tò òun lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kó lè máa dán, mo máa ń kí i pé ó kú ìnáwó ni. Ó ń sanwó kí wọ́n máa bá òun dín ọjọ́ ayé ọ̀dà náà kù.

Yanrìn gan-an ni ọ̀tá. Kúátísì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kúátísì sì le ju gíláàsì lọ. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí àwọn onímọ̀ òkúta fi ń mọ bí nǹkan ṣe le tó, tó lọ láti 1 dé 10, ipò 7 ni kúátísì wà. Gíláàsì ò ju nǹkan bíi 6 lọ, kílíà sì rọ̀ ju gíláàsì lọ jìnnà. Irú òkúta tó di òkè Ìdànrè yẹn, gránáìtì ni, kúátísì ò sì wọ́n nínú gránáìtì. Bí òkúta bá jẹrà di ilẹ̀, àwọn èròjà tó kù nínú rẹ̀ á rọ̀ di amọ̀, kúátísì á kù síbẹ̀ bí yanrìn. Òun ló wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò yín. Ẹni tó bá fi fóòmù gbá irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú, tó ń fi í yí kiri lára mọ́tò, sáńpépà ló mú dání, ó kàn jẹ́ pé ọṣẹ ń ho lórí rẹ̀ ni.

Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ létí títì. Garawa kan, fóòmù kan, omi tí wọ́n ti fi fọ mọ́tò mìíràn kí tiwa tó dé. Ọmọ náà á fọ táyà, á ti fóòmù padà sínú garawa, á gbé e bọ́ sórí bónẹ́ẹ̀tì. Bí fóòmù bá já bọ́ sílẹ̀, á gbá a lẹ́ẹ̀kan mọ́ ojúgun, ó parí. N kì í bú wọn. Owó táṣẹ́rẹ́ là ń san fún wọn, a tún dúró tì wọ́n, à ń wo aago.

Ilé ni mo ti ń fọ tèmi, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Omi nìkan ló ń kọ́kọ́ lọ, kò sí ọwọ́ níbẹ̀ rárá. Láti orí òrùlé ni mo ti ń dà á, mo sì máa ń fún ẹrẹ̀ gbígbẹ láyè kó rin kó sì ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni garawa méjì tó dé: ọ̀kan jẹ́ omi ọṣẹ, èkejì jẹ́ omi lásán tí mo fi ń ṣan ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń fọ̀ ọ́, kí n tó tún kì í bọ omi ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí i, ó ní mo ti ya òyìnbó. Mo ní kó wá bá mi da omi inú garawa kejì yẹn nù díẹ̀díẹ̀. Yanrìn tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Òrùlé àti gíláàsì ni mo ń kọ́kọ́ fọ̀, bónẹ́ẹ̀tì àti búùtù tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń gbẹ̀yìn. Táyà ní fóòmù tirẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ kan ara mọ́tò láé.

Ní ti ọṣẹ, ṣáńpù mọ́tò ni mò ń lò, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò. Díẹ̀ báyìí ló ń gba garawa kan. Ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ, wọ́n ṣe é kó lè bọ́ ọ̀rá kúrò lára aṣọ ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń bọ́ wáàsì, ìyẹn ìpara tí a fi ń bo ọ̀dà, kúrò lára mọ́tò. Fífọ ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ kò ní wáàsì kankan lára mọ́tò mọ́. Ẹnì kan ti bi mí léèrè ọṣẹ dúdú rí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ara yín, omi eérú wà nínú rẹ̀.

Omi bọọ́hóò náà ní wàhálà tirẹ̀. Tó bá gbẹ mọ́ ara mọ́tò nínú oòrùn, àmì funfun róbóróbó ló ń fi sílẹ̀, nítorí àwọn èròjà tó yọ́ sínú rẹ̀ látinú òkúta abẹ́ ilẹ̀ kì í bá omi fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á jẹ wọ kílíà. Bí mo bá rí omi òjò gbè, òun ni mo fi ń ṣan mọ́tò kẹ́yìn. Bí kò bá sí, mo tètè ń fi aṣọ máíkírófáíbà nù ún gbẹ. Ńṣe ni mo máa ń tẹ́ aṣọ náà lé e kí n sì fà á jẹ́jẹ́, n kì í fi í yípo.

Nígbà ẹ̀rùn tí omi kànga bá lọ sísàlẹ̀, n kì í fọ̀ ọ́ rárá. Ẹnì kan lọ́fíìsì bi mí pé, “Ẹ̀yin Màdáámù, ṣé oko lẹ ti ń bọ̀ ni?” Mo ní oko ni. Mọ́tò tó dọ̀tí kò tíì bà jẹ́. Èyí tí wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde ló ń bà jẹ́. Lásìkò ọyẹ́ gan-an lèyí burú jù. Eruku ọyẹ́ ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó kúnná, ó sì máa ń tàn wá jẹ nítorí pé ó fúyẹ́, a ó rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Àwọn kan á wá fi kọ́fà bo mọ́tò. Kọ́fà dára bí mọ́tò bá mọ́ kí wọ́n tó bò ó, tó sì dè é mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí eruku bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, tí atẹ́gùn ọyẹ́ sì ń gbé e pàtàpàtà mọ́jú, á ha mọ́tò náà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ọ̀rọ̀ igi máńgòrò nìyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibòji rẹ̀ dára, ẹni tó bá sì tètè dé ibi iṣẹ́ ló ń rí abẹ́ rẹ̀ gbà. N kì í jà fún un mọ́. Oje igi ń kán, ó ń gbẹ, ó ń le, tí ẹ bá sì fi èékánná ha á, ẹ̀ ń ha ọ̀dà mọ́ ọn ni. Ẹyẹ wà lókè, àdán ń bọ̀ lálẹ́ nígbà tí èso bá pọ́n. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní áásìdì nínú, wọ́n ń pè é ní uric acid. Kóró èso àti yanrìn tí ẹyẹ gbé mì náà wà níbẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá pa bónẹ́ẹ̀tì, kílíà á rọ̀ díẹ̀, áásìdì á ráàyè wọ̀ ọ́, ìgbẹ́ yẹn á sì gbẹ mọ́ ọn pinpin. Tí a bá wá fọ̀ ọ́ kúrò lópin ọ̀sẹ̀, ojú ibẹ̀ á ti ṣú, á rí bàìbàì, pọ́líìṣì pàápàá lè má yọ ọ́ tán. Ìgò omi kan àti bébà tíṣù ló wà nínú mọ́tò mi ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá rí ìgbẹ́ ẹyẹ, mo rin bébà náà gbingbin, mo tẹ́ ẹ lé e lórí, mo lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí mo bá padà dé, mo gbé e kúrò, n kì í fi nù ún. Àwọn kòkòrò tó ń fọ́ mọ́ iwájú mọ́tò lójú ọ̀nà Iléṣà tàbí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe fún wọn. Ọ̀dà títì tó bá ta mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ á yọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó burú ju ìgbẹ́ ẹyẹ lọ wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ọ́ìlì búréékì ń bó ọ̀dà mọ́tò. Bó bá kán sórí fẹ́ńdà nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, kó tó pẹ́ ọ̀dà ibẹ̀ á wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Omi púpọ̀ ni oògùn rẹ̀, kí ẹ tètè dà á sí i, nítorí pé omi ń yọ́ irú ọ́ìlì yìí. Kí ẹ má ṣe fi àkísà nù ún kiri. Mo máa ń dúró ti mẹkáníìkì bó bá ń rọ ọ́, mo sì ń tẹ́ aṣọ sórí fẹ́ńdà ṣáájú. Ó ti mọ̀ mí, òun gan-an ló ń tọrọ aṣọ báyìí.

Ọjọ́ kan ní Ọjà Ọba, ọlọ́kadà kan gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi kọjá pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sì fa ilẹ̀kùn iwájú láti ibẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ẹ má bínú, Mọ́mì, ẹ forí jì mí.” Àwọn obìnrin ọjà ti ń bá a bẹ̀bẹ̀ kí n tó la ẹnu. Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní kó máa lọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nípa ilà mọ́tò ti yé mi. Bí a bá kọ́kọ́ rí i, ọkàn wa á fò, a ó rò pé gbogbo rẹ̀ ló ti jinlẹ̀. Mo délé, mo fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ilà rárá, ràbá dúdú ọwọ́ ọ̀kadà ló lẹ̀ mọ́ orí kílíà. Rọ́bìn, ìyẹn pọ́líìṣì tó ki bí ìpara, díẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀, mo fi ọwọ́ pa á jẹ́jẹ́, ó kúrò, ọ̀dà tèmi wà lábẹ́ rẹ̀ ní pípé. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni díye lé nǹkan tí wọn ò tíì fọ̀.

Èyí tó kù, mo fi èékánná wọ́ ọ níbùú. Níbi tí èékánná ti kọjá láìkọsẹ̀, inú kílíà ni ilà náà mọ, pọ́líìṣì sì tó o. Níbi tó ti kọ́ èékánná, ó ti kọjá agbára pọ́líìṣì. Ní àárín ilẹ̀kùn náà, ilà kan wà tó jinlẹ̀, gbọọrọ, ẹyọ kan ṣoṣo, bí ilà àwọn àgbà Oǹdó lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì rí práímà eléérú nínú rẹ̀. Níbi kan, irin ń kọ mọ̀nà. Irin tó bá ti rí ìta nílẹ̀ olójò bíi tiwa kò ní pẹ́ dípẹtà, ìpẹtà náà á sì máa rìn lábẹ́ ọ̀dà tó yí i ká, tí ẹ ò ní mọ̀ títí ọ̀dà á fi wú. Nítorí náà ni mo ṣe wá akunmọ́tò lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan ni, abẹ́ páànù lẹ́bàá ọ̀nà ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ yí i ká. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.” “O ṣeun, Ìyàwó. Ta ló fọ́ ọ lẹ́nu báyìí?” Mọ́tò ló ń bá wí. Ó yí i po, ó fi ìka kan ilà náà, ó ní fàdákà ni àwọ̀ tó ń dójú ti akunmọ́tò jù, ẹni tó bá sọ pé ó rọrùn ò tíì kun ún rí.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ṣí agolo kan, ó fi igi rò ó, ó ní kí n wo bí ó ṣe ń tàn. Èérún wẹ́wẹ́ alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fín in tútù jù, àwọn èérún náà á rì, wọ́n á dúró ní òòró, àwọ̀ á sì ṣú. Bí wọ́n bá fín in gbẹ jù, wọ́n á sùn pẹrẹsẹ lókè, àwọ̀ á mọ́lẹ̀. Agolo kan náà, ọjọ́ kan náà, ọwọ́ méjì, àwọ̀ méjì. Láti iwájú ẹ lè má rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ní ìgun mọ́tò lọ́jọ́ tó bá mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn kan á dá yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí wọ́n fi àwọ̀ fàdákà kun ilẹ̀kùn kan kí wọ́n sì gé e mọ́ ibẹ̀ ṣán-án. Ńṣe ló ní òun máa jẹ́ kí àwọ̀ tuntun náà máa fẹ́lẹ́ lọ wọ fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ojú má bàa mọ ibi tó parí sí, kí òun tó wá fín kílíà bo gbogbo wọn láti etí dé etí. Mo ti gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn pé bí akunmọ́tò bá ní òun fẹ́ kan ibi tí kò bà jẹ́, owó ló ń wá. Ní ti fàdákà àti àwọn àwọ̀ tó ń tàn bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Ní ti funfun lásán, ẹ lè bá a jiyàn.

Kó tó po ọ̀dà, ó ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ó fi ìka hàn mí lára òpó rẹ̀, níbi tí bébà kan wà tí wọ́n kọ C/TR sí. Ohun tó tẹ̀ lé e lára tèmi ni 1F7. Orúkọ tí Toyota fún àwọ̀ náà nìyẹn. 040 ni funfun wọn, 202 ni dúdú. Ẹ kọ tiyín sínú fóònù. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà, tó kàn ní “fàdákà” ni òun ń fẹ́, yóò gba fàdákà ẹlòmíràn bọ̀ wálé. Bàbá tún ní nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó, nítorí oòrùn ti sọ tèmi di àgbà díẹ̀. Ó fín díẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kan, ó gbé e síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńdà, ó wò ó, ó fi nǹkan kan kún un, ó tún fín in. Mo fẹ́ràn akunmọ́tò tó bá ń dánra wò síta kó tó kan mọ́tò olówó.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fín in, ó gbójú sókè wo òfuurufú. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tínà tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, bó bá jẹ́ èyí tó ń tètè gbẹ, á fa ìrì sórí ọ̀dà, ojú rẹ̀ á funfun bí omi ògì. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yí mọ́tò náà ká kí eruku má bàa dìde. Wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì, wọ́n fi ràbá tínrín gbé etí ràbá ilẹ̀kùn sókè. Iṣẹ́ náà jáde dáadáa. Ó kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ fi wáàsì kan ibẹ̀ fún oṣù kan sí méjì, kí kílíà lè gbẹ dénú.

Ohun kan wà tó dùn mí níbẹ̀. Áńkáṣíìfù ni ọmọ tó ń fín kílíà so mọ́ imú. Èròjà olóró kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ kílíà kó lè le, ó sì lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́ fún ẹni tó bá ń fà á símú. Áńkáṣíìfù ò lè dá a dúró. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, atẹ́gùn mímọ́ láti ibòmíràn ni wọ́n ń fà wọ inú ìbojú akunmọ́tò. Mo sọ ọ́ fún Bàbá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ìyàwó, tiwa ti pẹ́.” Kí ẹni tó bá fẹ́ fín kílíà nílé fúnra rẹ̀ ronú ìyẹn kó tó ra agolo.

Àwọn ihò kéékèèké tí òkúta ń ta sí bónẹ́ẹ̀tì, bí mo bá rìn tẹ̀ lé ọkọ̀ akóyanrìn, èmi fúnra mi ni mò ń tọ́jú wọn. Mo máa ń fi sáńpépà wẹ́wẹ́ fá ìpẹtà inú rẹ̀ títí irin á fi mọ́, mo fi sípírítì nù ún kí ọ̀rá má ṣẹ́ kù, mo fi orí igi ìtayín kán práímà sí i. Bó bá gbẹ, àwọ̀ tẹ̀ lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kílíà ló kẹ́yìn. Kò ní rí bíi ti ilé iṣẹ́, fàdákà tí a fi ọwọ́ kán máa ń ṣú ju èyí tí a fín lọ. Kò burú. Kí ìpẹtà má rìn ni mò ń wá. Bọ́ńpà ní tirẹ̀, ike ni, kò lè dípẹtà, nítorí náà bí ilà bá wà lára rẹ̀ ẹ má sáré. Bẹ́ẹ̀ bá sì fẹ́ kun ún, kí wọ́n lo práímà ike, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa bó ní ìpele ìpele.

Ọṣẹ ìfọyín tí gbogbo ayé ń sọ, ó ní ohun tó ń ha nǹkan nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń fọ eyín. Ó lè mú ilà tó fẹ́lẹ́ gan-an dín kù. Ilà tó bá ti kọ́ èékánná kò mọ̀ ọ́n rí. Òróró àti àwọn ọ́ìlì tí wọ́n ń fi pa á máa ń dí ilà náà lójú títí òjò á fi rọ̀, ẹni tó ń ta mọ́tò ló sì mọ̀ bí èyí ṣe wúlò tó. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ bá ń lọ wo mọ́tò tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mú máágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí ẹ fi aṣọ wé dání. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa, bọ́dì fílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tó bá tẹ̀ wọlé, ló wà lábẹ́ ibẹ̀, mọ́tò náà ti jẹ ìgbájú rí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo ràbá rẹ̀ bóyá ọ̀dà fọ́n sí i. Níbi tí kílíà bá ti ń bó lórí òrùlé bí awọ ara tí oòrùn jó, ẹ má gbà kí ẹni kankan sọ fún yín pé pọ́líìṣì á gbà á. Kíkùn tuntun nìkan ló kù fún ibẹ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Ní ti wáàsì, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì sí mẹ́ta ni mò ń fi í pa mọ́tò mi, pàápàá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Carnauba tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti ń gbọ̀n ọ́n. Kò ní dá ọwọ́ ọlọ́kadà dúró, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, èyí sì ń jẹ́ kí fífọ rọrùn láìsí pé a ń gbo ara mọ́tò. Bí omi bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bónẹ́ẹ̀tì dípò kó ṣù róbótó, àkókò rẹ̀ ti tó.

Lórí búùtù mi, àwọn ilà kan wà tí mo mọ̀, tí mo sì fi sílẹ̀. Àpò gaàrí àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ha ibẹ̀ tí a bá ń kó ẹrù bọ̀ láti oko. Bàbá akunmọ́tò wò ó, ó ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ kílíà ibẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi, bí wọ́n bá tún lọ̀ ọ́, àwọ̀ á jáde. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ra ràbá dúdú kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí búùtù níbi tí àpò ń gbà wọlé, mo sì sọ fún àwọn ọmọ pé gbígbé ni kí wọ́n máa gbé ẹrù, kí wọ́n má fà á.